Pákó Mẹ́rin Tó Ga Jù

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyí tí Zefanias Nhachengo, tó ń gbẹ́ timbila, ohun èlò orin onípákó, fún ẹgbẹ́ wa, ń tú sanje kan náà palẹ̀, ó sì ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí a kó timbila lọ sí àpéjọ olórin ní Quissico.

Sanje ni ó kéré jù nínú àwọn timbila wa, òun ni ohùn rẹ̀ sì máa ń ga ju ti gbogbo wọn lọ. Pákó mẹ́rìndínlógún ni wọ́n dè sórí rẹ̀, àwọn tó gùn lápá òsì, àwọn tó kúrú lápá ọ̀tún. Ahá kan wà lábẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ahá náà, wọ́n sì fi ìda oyin lẹ awọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n bó lára ìfun màlúù mọ́ ẹnu ihò yẹn. Bí a bá lu pákó, afẹ́fẹ́ inú ahá á mì, awọ á sì máa kùn bí oyin. Bí pákó kan bá wá ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, ẹni tó bá dàgbà sínú agbo timbila ti mọ ohun tó ń ṣe é: awọ ti ya, tàbí ìda ti là.

Nítorí náà, awọ ni Zefanias ń wò. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni pákó mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá ti ń dún bẹ́ẹ̀ sí i létí. Ó bó awọ wọn, ó fi tuntun sí i, ó lù ú, ó tẹ orí sí i, ó tẹ́tí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún mú ọ̀bẹ, ó tún bó o.

"Bàbá Rosalina," ni Ofélia ìyàwó rẹ̀ wí láti ìdí odó tó ti ń gún ẹ̀pà, "ìfun màlúù ti tán nílé yìí o. Èyí tó kù, tèmi àti tiyín ni. Bí ẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún mi kí n sá."

"Ṣé o gbọ́ bí pákó yìí ṣe ń dún ni?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ó ń dún bí kí ni?"

"Bíi pákó. Àbí ẹ fẹ́ kó máa ké bí ewúrẹ́?"

Zefanias ti dìde, ó ń lọ wo igi tó sá sókè iná, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pẹ́ tó wò ó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá jọ ń jẹun, á dìde lẹ́ẹ̀mẹta kí òkèlè xima tó tutù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ọdún méjìdínlógún nínú rẹ̀ ló sì lò nínú kòtò góòlù ní Joni, lẹ́yìn ààlà. Ẹ̀rọ tí ń lu àpáta ló ń dì mú níbẹ̀. Èjìká òsì ló fi ń tì í, etí òsì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Òwú ni wọ́n ń fi dí etí nígbà náà, bí wọ́n bá rántí. Láti ìgbà tó ti darí wálé ni ìrẹ̀ kan ti ń ké nínú etí òsì yẹn. Kì í sinmi, kì í mí. Àárín ariwo nìkan ni ọkàn Zefanias ti máa ń balẹ̀, torí ariwo máa ń bo ìrẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò ka ìyẹn sí àìsàn. Ó kàn gbà pé bí òun ṣe rí nìyẹn.

Bí awọ kò ṣe yanjú rẹ̀, ó kọjú sí igi. Bí èèyàn bá fi ọ̀bẹ fá pákó ní etí, ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè. Bó bá fá a lábẹ́ láàárín, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Létí Zefanias, pákó mẹ́rin náà ti wálẹ̀. Ó fá wọn ní etí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí wọ́n fi bọ́ síbi tó fẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni Jossias Guambe, olórí ẹgbẹ́ wa, kó gbogbo wa wá sí àgbàlá rẹ̀ láti wá gbìyànjú àwọn timbila tuntun. Orin kejì ni a dé tó fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró. Sanje nìkan. Lù ú fún mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè."

Ẹni tó wà nídìí sanje lù ú. Nígbà tó dé pákó mẹ́rin tó kẹ́yìn, gbogbo wa wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Zefa," ni Jossias wí, "ẹ má bínú o."

"Bí o ti ní kí n má bínú yẹn, mo ti bínú. Sọ ọ́."

"Àwọn mẹ́rin yìí ti ga kọjá ààyè wọn. Wọ́n ń sá fún àwọn yòókù."

"Wọ́n ga kẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọn dé ibi tó yẹ kí wọ́n wà ni! Ta ló ní wọ́n ga?"

"Gbogbo wa ni."

"Gbogbo yín ti mu ẹmu sura láàárọ̀ yìí nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Jossias kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a pe Alfiado kó wá gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Àbúrò Zefanias ni Alfiado, ọmọ ìyá kan náà. Bàbá wọn ló kọ́ àwọn méjèèjì ní iṣẹ́ timbila, àwọn àgbà sì sọ pé etí ọmọ kejì ló mú jù. Ṣùgbọ́n nígbà ayé wọn, ọkùnrin tí kò bá dé Joni kì í ṣe ọkùnrin. Mamparra ni à ń pè é, ẹni tí ojú rẹ̀ kò là. Alfiado wọ ọkọ̀ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kùsà lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dé Chidenguele, ó ní òun fẹ́ tọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, wọn kò sì rí i mọ́ títí ọkọ̀ fi lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà wálé. Títí dòní, bí ọkùnrin kan bá dìde láàárín wa tó ń lọ sẹ́yìn ilé, a máa ń bi í bóyá Chidenguele ló ń lọ. Zefanias ló dá àwàdà yẹn sílẹ̀. Òun ló ti Joni dé pẹ̀lú bàtà, kẹ̀kẹ́ àti rédíò, òun ni àwọn èèyàn sì gbé iṣẹ́ fún lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Alfiado ń gun àgbọn, ó ń dá sura.

"Mamparra yẹn ni kó wá kọ́ mi níṣẹ́?" ni Zefanias wí. Ó ti ń tú okùn sanje náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ jà," ni Jossias wí. "Bí kò bá tíì bọ́ sípò ní Sátidé tó ń bọ̀, màá lọ yá sanje lọ́wọ́ àwọn ará òdìkejì adágún. Bí a bá sì lọ síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kí a gbàgbé. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọn á ní àwọn náà ní ẹni tó ń gbẹ́ timbila."

Ó yé gbogbo wa. Ó yé Zefanias jù, torí ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà máa ti bọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló rí ohun tó dẹ́rù bà á. Ó jókòó nìkan, ó ń lu pákó tó ga jù nínú àwọn mẹ́rin náà. Adìyẹ kan wá ń ṣa ìda oyin jẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó yí orí láti lé e, ó sì tún lu pákó náà láìwò ó. Ohùn náà gòkè. Ó yí orí padà, ó lù ú. Ohùn wálẹ̀. Ó fi ìka dí etí òsì, ó lù ú. Ó fi ìka dí etí ọ̀tún, ó lù ú. Pákó kan, ohùn méjì. Ó sọ pákó náà sílẹ̀, ó sì dìde dúró, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀.

"Ìdọ̀tí ló dí mi létí," ló sọ fún Ofélia.

Ofélia gbé òróró àgbọn kaná, ó sì ń kán an sí i létí fún ọjọ́ mẹ́ta. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ìrẹ̀ kò dákẹ́. Lọ́jọ́rú, tọkọtìyàwó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Belmira ni orúkọ obìnrin tó ń wo etí níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni, ọmọ Inhambane. Ó tan iná wo etí ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàbá, etí yín mọ́ ju tèmi lọ. Òróró nìkan ni mo rí."

"Kò sí ìda níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Tún un wò. Bóyá awọ ibẹ̀ ló ya."

"Awọ yín dá ṣáṣá, bàbá."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣiṣẹ́ rẹ̀," ni Ofélia wí láti orí bẹ́ǹṣì. "Sanje kọ́ ni a gbé wá síbí."

Belmira fi ike dúdú méjì bo etí rẹ̀, ó fún un ní bọ́tìnì kan pé kó máa tẹ̀ ẹ́ nígbàkigbà tó bá gbọ́ ohùn. Ó bẹ̀rẹ̀ látinú ohùn ìsàlẹ̀. Ìka Zefanias yá bí ti ọmọ ogún ọdún. Bí ohùn náà ṣe kéré tó, ó ń gbọ́ ọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Belmira ń gòkè lọ. Ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Nígbà tó yá, kò gbéra mọ́. Belmira ń yí ẹ̀rọ sókè, ó ń yí i sókè, títí Ofélia tó jókòó lẹ́bàá ògiri fi ń gbọ́ ohùn náà fínfín bó ṣe ń jò jáde lábẹ́ ike. Ọkọ rẹ̀ ń wo iwájú, ó ń dúró de ohùn. Ofélia la ẹnu. Belmira fi ìka kan ètè pé kó dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn kan sí etí òsì, ó fi ọ̀kan sí ọ̀tún. "Èwo ló ga jù, bàbá?"

"Ti ọ̀tún."

"Ó dá yín lójú?"

"Ọmọ mi, iṣẹ́ mi nìyí láti kékeré. Ti ọ̀tún ló ga."

"Ohùn kan náà ni. Mi ò yí nǹkan kan padà."

Zefanias bọ́ ike náà, ó yí i sódì, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

Belmira fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Bí ìró bá wọlé, á lu awọ etí. Awọ á ti egungun kéékèèké mẹ́ta, egungun á ti omi."

"Omi ti débẹ̀ báwo?"

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ihò kan wà nínú lọ́hùn-ún tó ká bí ìkarahun ìgbín, omi ló kún inú rẹ̀. Awọ gígùn kan tẹ́ sáàárín omi náà láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí. Lẹ́nu ọ̀nà, awọ yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Bó ṣe ń lọ sínú, ó ń fẹ̀, ó ń rọ̀."

Zefanias ń fi ìka to pákó sórí orúnkún. "Èyí tó le tó sì kéré, ohùn gíga nìyẹn. Èyí tó fẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń to pákó."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ohùn gíga á mi ẹnu ọ̀nà, á sì kú síbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ á gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ìgbì rẹ̀ á máa lọ nínú omi títí á fi dé ibi tirẹ̀. Irun wínníwínní wà lórí awọ náà láti òkè délẹ̀. Bí awọ bá gbéra, irun á tẹ̀. Bí irun bá tẹ̀, ihò kan tí ojú kò lè rí á ṣí lórí rẹ̀, iṣan á sì gbé iṣẹ́ náà lọ sí ọpọlọ. Àwọn kan tún wà láàárín irun náà tí wọ́n dà bí oníjó. Bí ìró bá kéré, wọ́n á máa nà, wọ́n á máa sún kì, kí awọ lè mì sí i níbi kan ṣoṣo, kí ohùn kan má baà dà pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀. Àwọn oníjó yẹn ni ariwo kọ́kọ́ ń pa. Àwọn tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ló sì máa ń tètè lọ."

"Ẹ̀rọ Joni," ni Ofélia wí.

"Kì í hù padà?" ni Zefanias bi í. "Irun náà."

"Ti orí ló ń hù, bàbá."

"Kí ló dé tí mo fi ń gbọ́ ohùn méjì?"

"Àwọn tó ni ohùn yẹn ti kú ní etí òsì. Bí ohùn wọn bá dé, àwọn aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ wọn ló ń dáhùn. Ọpọlọ kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ló dáhùn. Ẹ ń gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ ju èyí tó wọlé lọ."

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó sàn ju òsì lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ náà ti ń bàjẹ́."

Èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ tó yé e tó bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kó jókòó jẹ́jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀, ó ń ta ìka sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí wọ́n fi délé. Bó ṣe wọ àgbàlá, ó fi òwú dí etí òsì, ó ní ọ̀tún nìkan ni òun máa lò. Ó gbé pákó tó ga jù lé orúnkún, ó fá abẹ́ rẹ̀ kí ohùn lè wálẹ̀. Ó lù ú. Ó wálẹ̀ jù. Ó fá etí rẹ̀. Ó ga jù. Ó fá abẹ́. Igi tí wọ́n bá ti fá lọ fá bọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pákó mọ́, awẹ́ lásán ni. Nígbà tó lù ú gbẹ̀yìn, ó là sí méjì lójú okùn.

Mwenje ni igi tí a fi ń ṣe é, a kì í sì í rí i bí igi ìdáná. Èyí tó gbẹ dáadáa lè gba ọdún púpọ̀. Èyí tó kù lókè iná Zefanias kò ju ohun tó lè ṣe pákó mẹ́rin lọ. Ó gbé e sílẹ̀, ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí àgbàlá ká. Ofélia ń fẹ́ ẹ̀pà.

Ìdí àgbọn ló ti bá Alfiado lọ́jọ́ kejì. Alfiado wà lókè, ó ń so agbè mọ́ ọrùn àgbọn.

"Sọ̀kalẹ̀," ni Zefanias ké sí i.

Alfiado wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ogójì ọdún lẹ ti ń bá mi jà pé mo sọ̀kalẹ̀. Lónìí ẹ tún fẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀?"

"Àwàdà kọ́ ni mo bá wá."

"Mo rí i lójú yín. Ẹ mú un wá síbí, mò ń gbọ́."

Zefanias kò fẹ́ ké e. Àwọn obìnrin ń kọjá lọ sí oko ẹ̀gẹ́. Ó dúró títí wọ́n fi jìnnà, ó ní, "Etí mi ti bàjẹ́."

Ọwọ́ Alfiado dúró lára okùn. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ̀nba ti òkè ni," ni Zefanias yára wí. "Ti ìsàlẹ̀ ṣì dáa. Igi pákó mẹ́rin péré ló kù láti fi rọ́pò àwọn mẹ́rin yẹn. Ọwọ́ mi á fá a, etí tìrẹ á gbọ́ ọ. Kí o wá ní ìdájí ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni tó jí."

"Rárá o."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá wá ní ìdájí, wọn á ní Zefanias ló tún un ṣe. Màá wá lọ́jọ́ Sátidé, tí Jossias àti gbogbo wọn bá ti dé. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n rí ẹni tó ń sọ pé ó tó."

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ogójì ọdún láti san padà. Mo ní Sátidé ni màá wá."

Ó sì wá. A ti jókòó yí àgbàlá ká nígbà tó tẹ́ ẹní rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ojú má baà ṣe iṣẹ́ etí. Zefanias gbé pákó àkọ́kọ́ lé orúnkún.

"Ẹ lù ú," ni Alfiado wí. "Ó ń bọ̀. Ẹ fá etí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ lù ú. Díẹ̀ sí i. Ẹ dúró. Ó tó."

Èkejì gba ìgbà díẹ̀. Ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sódì, ó ga jù, wọ́n sì fá abẹ́ rẹ̀ kó tó padà. Òógùn bo iwájú orí Zefanias. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, èyí tó ga jù, gbogbo wa tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó wa.

"Ẹ lù ú. Ẹ fá a. Ẹ lù ú." Alfiado gbé orí sókè. "Ó tó."

Zefanias tún lù ú. "Kò tíì tó."

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n."

"Ó rẹlẹ̀! Ó ṣì rẹlẹ̀!" Ó yí etí ọ̀tún sí i, ó lù ú. Ó yí òsì sí i, ó lù ú. Ẹnu ọ̀bẹ wà létí pákó. Gbogbo wa mọ̀ pé kò sí mwenje mìíràn nílé yẹn. Jossias fẹ́ dìde, Ofélia dì í láṣọ mú.

"Jossias," ni Zefanias wí, kò wò ó. "Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ pé ó tó."

Zefanias yí ẹnu ọ̀bẹ kúrò létí pákó.

"Alfiado, wá gba ọ̀bẹ yìí."

"Ẹ gbé e sílẹ̀ náà."

"Bí mo bá gbé e sílẹ̀, màá tún mú un. Wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Alfiado dìde, ó gbà á. Àwọn méjì nínú wa de pákó mẹ́rin náà mọ́ ipò wọn, a gbé sanje sáàárín àwọn yòókù, Jossias sì gbé ọwọ́ sókè. A lu orin kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó wo ilẹ̀. Zefanias jókòó sórí ìtí igi, ó ń wo ọwọ́ ẹni tó wà nídìí sanje; nígbàkigbà tí ọwọ́ yẹn bá dé ọ̀tún pátápátá, ojú rẹ̀ á fún pọ̀.

Nígbà tí a parí, Jossias yíjú sí i gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe látọdúnmọ́dún.

"Ẹ̀gbọ́n Zefa, ṣé ó dáa?"

"Bi Alfiado," ni Zefanias wí.